Edé mi ń gbé ẹyin, n kò rí ọmọ

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Kubwa ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní táńkì omi iyọ̀ kan ní pálọ̀, lítà 120. Ẹja kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ àti edé peppermint méjì. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí àwọn edé náà ti ń gbé ẹyin sábẹ́ ìrù. Bí ọ̀kan bá parí, èkejì á gbé tirẹ̀. Ẹyin náà máa ń wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ 12, á ní àwọ̀ ewé, tó bá yá á wá mọ́ gaara. Àfi kí n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n rí i pé ẹyin ti lọ, kò sì sí ọmọ kankan. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ẹyin òfo ni, pé abo ni àwọn méjèèjì, kí n wá ra akọ. Mo ra ẹ̀kẹta, kò sí ìyàtọ̀. Mo fẹ́ máa sìn wọ́n. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ̀nà?"

Àbúrò mi, ẹyin rẹ kò ṣófo. Ẹyin tí kò ní ọmọ nínú kì í pẹ́ lábẹ́ ìrù edé, ìyá rẹ̀ á ti já a dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó bá lo ọjọ́ 12, tí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ sì ń ṣí títí tó fi mọ́ gaara, ọmọ wà nínú rẹ̀. Wò ó dáadáa lọ́jọ́ kan tàbí méjì kó tó lọ, wàá rí àmì wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi fàdákà. Ojú àwọn ọmọ náà nìyẹn.

Ọmọ ń jáde. Alẹ́ ni wọ́n ń jáde, láìpẹ́ sígbà tí iná táńkì bá kú, nígbà tí ìwọ ń wo bọ́ọ̀lù tàbí tí o ti sùn. Wọ́n lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò ju mílímítà mélòó kan lọ, ara wọn sì mọ́ bí omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja mẹ́ta yẹn ti yó, pọ́ǹpù àti àsẹ́ ti gbé ìyókù. Àwọn òbí wọn gan-an kì í yọwọ́ nínú oúnjẹ náà.

Iná tó lọ ló jẹ́ kí n fojú ara mi rí i nígbà àkọ́kọ́. Ó tó nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táńkì láti wo bí omi ṣe gbóná sí, ni mo bá rí ohun tó dà bí eruku tó ń jó nínú ìmọ́lẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, eruku náà lójú! Fún oṣù mẹ́fà gbáko, ọmọ edé ni mo ti fi ń bọ́ ẹja mi láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo tí ẹni yẹn sọ pa mí lẹ́rìn-ín. Lysmata ni orúkọ ìdílé tí peppermint ti wá, ìdílé kan náà ni cleaner oníla funfun lẹ́yìn àti èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fire shrimp. Akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń jẹ́ nígbà èwe. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ti abo á kún ti akọ, méjèèjì á sì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lára edé kan ṣoṣo. Kò lè fún ara rẹ̀ lóyún, ó nílò ẹnì kejì, àmọ́ ẹnì kejì yẹn lè jẹ́ èyíkéyìí tó bá ti gbó. Èyí tó bá bọ́ èèpo lóru, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ni èkejì á bá lò pọ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹyin á ti dé abẹ́ ìrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi ń gbà á ṣe fúnra wọn. Owó ẹ̀kẹta ti lọ, ṣùgbọ́n kò burú, peppermint mẹ́ta lè jọ gbé. Ká ní cleaner lo rà ni, n bá ní kí o tètè dá ọ̀kan padà, nítorí bí wọ́n bá ju méjì lọ nínú àyè kékeré, wọ́n máa ń pa ara wọn nígbà tí ọ̀kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, títí yóò fi ku méjì.

Nítorí náà, edé rẹ ti ṣe ipa tirẹ̀. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ rẹ, ó sì tó bí ọjọ́ 30 sí 40.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní Àbújá ń sin cherry shrimp, edé omi adùn kékeré pupa yẹn. Tiwọn rọrùn, ọmọ wọn á jáde bí ìyá rẹ̀ ṣe rí, á dì mọ́ koríko, á máa jẹun. Ọmọ edé òkun kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ó ń léfòó kiri láàárín omi, kò mọ ilẹ̀, kò mọ ògiri. Ó ní láti bọ́ èèpo lọ́pọ̀ ìgbà, ní ìpele bíi mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó tó di edé. Bó bá dé àárín ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ karùn-ún á gùn, ṣóńṣó ẹsẹ̀ náà á fẹ̀ bí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀, á máa fà á tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹlẹgẹ́ ni ẹsẹ̀ yẹn. Tó bá kọ́ mọ́ ti ẹlòmíràn, ọ̀kan nínú wọn á di oúnjẹ. Ti peppermint wà lára àwọn tó yá jù nínú ìdílé náà, ìdí rèé tí inú mi fi dùn pé òun lo ní. Ọmọ cleaner lè lo oṣù mẹ́ta sí márùn-ún lójú omi kó tó balẹ̀. Oṣù márùn-ún láìsí ọjọ́ kan tí wàá rìnrìn àjò! Má tíì dán an wò.

Nípa orúkọ, nítorí wàá bá a pàdé: ọ̀pọ̀ peppermint tó ń ti Florida wá tí wọ́n ń tà bíi Lysmata wurdemanni, Lysmata boggessi ni wọ́n. Ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ méjì, Rhyne àti Lin, yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò yí iṣẹ́ wa padà.

Bí o ṣe máa kó ọmọ náà nìyí. Lálẹ́ tí o bá ti rí ojú fàdákà yẹn lára ẹyin, pa iná táńkì àti iná pálọ̀, pa pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri àti àsẹ́. Gbé tọ́ọ̀ṣì kan lé igun gíláàsì kí ó máa tàn sínú omi. Ìmọ́lẹ̀ ń pe ọmọ edé bí àtùpà ṣe ń pe kòkòrò ìgbà òjò. Wọ́n á kó jọ síbẹ̀, wàá sì máa fi kọ́ọ̀bù bù wọ́n pẹ̀lú omi. Má fi àwọ̀n gbé wọn jáde sínú afẹ́fẹ́, ara wọn ò gbà á. Àwọn kan máa ń yọ ìyá sínú báàfù ọ̀tọ̀ kó tó bí, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè bọ́ èèpo kí ọjọ́ tó pé, gbogbo ẹyin á bá èèpo lọ. Àléébù kan wà nínú ọ̀nà tèmi náà. Omi táńkì ńlá máa ń ní hydroid, ohun kékeré kan tó ń tani bíi wèrèpè, tó máa ń pọ̀ sí i tí Artemia, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ tí a fi ń bọ́ ọmọ edé, bá wà fún un láti jẹ. Ó lè pa ọmọ edé tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta láìjẹ́ pé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń da àwọn ọmọ náà sínú abọ́ omi iyọ̀ tuntun, màá tún bù wọ́n láti ibẹ̀ sínú abọ́ kejì, kí wọ́n tó wọ ilé wọn.

Ilé wọn ni bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà dúdú roboto, lítà 20, tí kò gbé ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí. Dúdú ṣe pàtàkì. Nínú gíláàsì tó mọ́, ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo wọn á lọ fún ara wọn mọ́ ògiri kan, ẹsẹ̀ á kọ́ ẹsẹ̀. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú, òkè nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Fi rọ́bà afẹ́fẹ́ kan dé ìsàlẹ̀, má fi òkúta afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu. Ìfófòó wẹ́wẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn tí á sì gbé wọn rọ̀ sójú omi. Ìfófòó ńlá, tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ló dáa, kí omi máa yí lọ jẹ́jẹ́ kí oúnjẹ àti ọmọ má bàa rì.

Oúnjẹ ló mú kí n máa sọ fún àwọn ará Àbújá pé wọ́n ní àǹfààní kan tí wọn ò mọ̀. Artemia tí ọmọ edé ń jẹ, òun kan náà ni àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ń fún ọmọ ẹja wọn jẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń tajà fún àwọn olùsin àrọ̀, wàá rí ẹyin rẹ̀ gbígbẹ nínú agolo. Kí o tó rà á, bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ṣí agolo náà. Ẹyin inú agolo tó ti wà ní ṣíṣí nínú ooru ṣọ́ọ̀bù kì í pa dáadáa mọ́. Bu síbí tíì kan sínú omi iyọ̀ lítà kan, fún un ní afẹ́fẹ́ tó lágbára àti ìmọ́lẹ̀, ní ooru bíi 28°C. Ní wákàtí 24, á ti pa. Pa afẹ́fẹ́, tan iná sí ìsàlẹ̀, èèpo á léfòó, ọmọ Artemia á lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ni wàá fi rọ́bà fà wọ́n. Ṣan wọ́n kí o tó fún edé. Bí wọ́n bá ti ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n pa, ọ̀rá inú wọn ti jó tán, èèpo lásán ni edé ń jẹ. Nítorí náà, pa tuntun lójoojúmọ́, ìgò méjì tó ń gba ara wọn lọ́wọ́. Jẹ́ kí oúnjẹ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti òwúrọ̀ àkọ́kọ́, bíi márùn-ún nínú mílílítà omi kọ̀ọ̀kan, kí ebi má bàa jẹ́ kí wọ́n yíjú síra wọn.

Láràárọ̀, fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, kí o sì pààrọ̀ bí ìdá mẹ́ta omi náà. Omi tuntun gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà níbẹ̀ dọ́gba ní iyọ̀ àti ooru.

Ní ti omi yìí, má tẹ̀lé àwọn tó ń sọ pé kí o lọ bu omi òkun ní Èkó. Yàtọ̀ sí ìrìn ọjọ́ kan gbáko lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun. Bí òjò bá rọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Iyọ̀ òkun tí wọ́n pò fún táńkì ni kí o rà, gíráàmù 35 nínú lítà kan, tí refractometer, ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ inú omi, á fi ka 1.025 sí 1.026. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é, kò ní ọ̀pọ̀ lára oríṣiríṣi ohun tó wà nínú òkun. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé káún á gbé omi náà dúró. Káún wà fún ewédú, jọ̀wọ́. Omi ẹ̀rọ wa tó ń ti Lower Usuma Dam wá ní kiloríìnì, o gbọ́dọ̀ lé e jáde. Omi bọ̀hóòlù lè ní ohunkóhun. Èmi máa ń lo omi inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n mo ra TDS mítà kékeré kan, èyí tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi. Mo ti wọn ọ̀kan tó ka 6, mo wọn òmíràn ní òpópónà kan náà tó ka 140. Orúkọ tó wà lára ọ̀rá kò sọ ìyẹn fún ọ.

Ọyẹ́ yóò dán ọ wò ju bí o ṣe rò lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn máa ń mu omi, kì í mu iyọ̀. Bí lítà 60 bá ní iyọ̀ gíráàmù 35 ní lítà kọ̀ọ̀kan, tí lítà 6 sì gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí o kò sí nílé, ohun tó kù ti di bíi 39. Edé àgbà lè fara dà á díẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá kò lè fara dà á. Omi tí kò níyọ̀ ni kí o máa fi dí i lójoojúmọ́. Fi àmì sára bọ́kẹ́ẹ̀tì kí o lè rí ibi tó yẹ kó dé. Lóru ọyẹ́, yàrá á tutù, hítà kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọ torí á jó wọn. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sínú báàfù ńlá tó ní omi, kí hítà wà nínú báàfù. Ní oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ á yí padà: fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi á gba ooru díẹ̀ kúrò níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ ṣì gbẹ, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ agbára rẹ̀ á dín kù. Wá ibi tó tutù jù nínú ilé. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ni tèmi wà.

Fún iná tó ń lọ, ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó ń tan ara rẹ̀ bí iná bá kú. Má gbára lé jẹnẹrétọ̀. Ìgbà tí edé máa kú, ìwọ ni o wà níbi iṣẹ́ ní Wuse.

Ohun tó ti pa edé tèmi jù lọ, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín ni. Mo ti ní ọmọ 200 ó lé tó ti pé ọjọ́ 26. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sun yàrá náà, ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó fín oògùn. Kò sọ ọ́ sínú omi o. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló fa á láti inú yàrá, tó sì ń fẹ́ ẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lóru mọ́jú. Oògùn tó ń pa kòkòrò, ìbátan kòkòrò ni edé. Kò sí ìyàtọ̀ lójú oògùn náà. Kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń rú èéfín ní irú oògùn kan náà. Lo àwọ̀n, kí gbogbo ará ilé sì mọ̀. Ìkejì rẹ̀ ni oògùn ẹja tó ní bàbà nínú: ó lè wo ẹja sàn, ó á sì pa gbogbo edé. Bí wọ́n bá ti lò ó nínú táńkì kan rí, má fi edé síbẹ̀.

Tó bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, wàá rí ọ̀kan tó kúrò láàárín omi, tó di ògiri mú, tó ń rìn. Ó ti di edé, kékeré, bíi ti ìyá rẹ̀. Wọn kì í balẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn àkọ́kọ́ á máa wo àwọn tó ṣẹ́kù bí ẹran. Kó àwọn tó ti balẹ̀ sínú táńkì ọ̀tọ̀, fi àwọ̀n àti páìpù tí a gé wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n rí ibi sá pamọ́ sí, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ ẹja tó kúnná. Nínú àwọn tí mo kọ́kọ́ tọ́, mẹ́sàn-án ló kù nínú nǹkan bí 300. Mo yọ̀ bí ẹni pé mo bímọ.

Bí owó ni o ń lé, lọ sin àrọ̀. Àwọn tó ní omi iyọ̀ nílé ní Àbújá kò pọ̀. Àmọ́ gbogbo wọn ló máa ní Aiptasia lọ́jọ́ kan, ohun tó ń hù bí òdòdó lórí òkúta tó sì ń ta ohun tó wà nítòsí rẹ̀, peppermint sì fẹ́ràn láti jẹ ẹ́. Mo ti fi edé pààrọ̀ iyọ̀, mo fi pààrọ̀ pọ́ǹpù, n kò tà á lówó rí.

Lálẹ́ òní, lọ wo abẹ́ ìrù wọn. Bí ẹyin bá ṣì ní àwọ̀ ewé, o ní bí ọ̀sẹ̀ kan láti wá bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú, agolo Artemia àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bí ojú fàdákà bá ti hàn, jẹ́ kí eléyìí lọ. Ìyá náà á bọ́ èèpo láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá bí, kó tó di ọjọ́ mẹ́ta á ti gbé òmíràn.